Ta ló ní ọ̀gá nìkan ló lè ṣe fídíò ìkọ́ni kọ̀ǹpútà?

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe fídíò lórí bí wọ́n ṣe ń fi GIMP, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ṣe fláyà, Yorùbá lòun ó sì fi ṣàlàyé rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá kan tó wá tẹ ìwé jáde gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lánàá? Lọ mọ̀ ọ́n délẹ̀ ná kó o tó máa kọ́ ẹlòmíràn." Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ní òótọ́ ló sọ. Ọmọ náà dákẹ́.

Inú bí mi, inú ṣì ń bí mi. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu òbí tó ń sanwó ẹ̀kọ́ ọmọ. Irọ́ ni. Tó bá jẹ́ fídíò fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan sọ́fítíwíà náà rí ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ló yẹ kó ṣe é. Ọ̀gá ló máa ń ṣe èyí tí kì í yé èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká mú GIMP yẹn gan-an. Ẹni tó bá ṣe àwòrán tán níbẹ̀, tó lọ sí File, tó tẹ Save, fáìlì tó máa rí ni èyí tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .xcf. Fóònù kò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Kí àwòrán tó lè di JPG tàbí PNG, Export As lèèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀. Láti ìgbà tí GIMP 2.8 ti jáde ní 2012 ni wọ́n ti ya Save àti Export sọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí mo kọ́ tí kò kọsẹ̀ níbẹ̀.

Màmá aránṣọ kan ní Takié fẹ́ gbé àwọn aṣọ tó rán sórí WhatsApp. Ó wo fídíò kan, ó sì tẹ̀ lé e dáadáa: ó gé ẹ̀yìn àwòrán kúrò, ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i lókè, ó yan àwọ̀ tó bá aṣọ mu. Ó tẹ Save. Ó fi ránṣẹ́ sí fóònù, fóònù kò ṣí i. Ó gbà pé iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, ló bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún tẹ Save. Ìgbà tó pè mí, ohun tó sọ ni pé, "Tíṣà, kọ̀ǹpútà yìí ò gba tèmi rárá."

Mo ní kó fi fídíò tó wò hàn mí. Ọ̀gá pọ́ńbélé ló ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹ̀rọ. Nígbà tó parí àwòrán tirẹ̀, ó ní, "A ó wá gbé e jáde," àpótí kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sì wọlé padà kí èèyàn tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ctrl, Shift àti E ló tẹ̀ pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ọ̀nà àbùjá sí Export As nìyẹn. Ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni fídíò ń gbà sílẹ̀, ìka ọ̀gá kì í hàn níbẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan kan pamọ́ fún màmá náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é débi pé kò mọ̀ mọ́ pé ibẹ̀ le. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú wàhálà .xcf kò lè fò ó láéláé, torí ibẹ̀ ṣì ń dùn ún.

LibreOffice, sọ́fítíwíà ọ́fíìsì bíi Microsoft Office, náà ń kọ́? Bí èèyàn bá fẹ́ fi lẹ́tà pamọ́ ní .docx, irú fáìlì ti Microsoft Word, àpótí kan máa ń yọ tó ń béèrè bóyá Word Format lo fẹ́ lò ni àbí ODF Format, irú fáìlì ti LibreOffice fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀ àpótí náà, ààyè kan wà tí èèyàn lè fi sọ fún un pé kó má béèrè mọ́. Ẹni tó ti ń lo LibreOffice tipẹ́ ti pa á lẹ́nu mọ́ tipẹ́. Nítorí náà, tó bá ń ṣe fídíò, àpótí yẹn kì í yọ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi LibreOffice sórí kọ̀ǹpútà wá ń tẹ̀ lé e, àpótí tí kò sí nínú fídíò yọ sí i lójú, ọkàn rẹ̀ sì fò sókè. Mo ti rí ẹni tó pa kọ̀ǹpútà lójijì nítorí àpótí yìí, gbogbo ohun tó tẹ̀ sì lọ.

Àwọn tó ń ṣèwádìí ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ tipẹ́. Ní 1990, ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Newton ní kí àwọn kan máa fi ìka kan tábìlì bí orin tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣe ń lọ, kí àwọn mìíràn sì sọ orin tó jẹ́. (Tábìlì ni o, kì í ṣe dùndún tó lè gbé ohùn ọ̀rọ̀ jáde.) Àwọn tó ń kàn án rò pé àwọn olùgbọ́ yóò mọ ìdajì nínú orin náà. Nínú 120 orin tí wọ́n kàn, 3 péré ni àwọn olùgbọ́ mọ̀. Orin ń dún lọ́kàn ẹni tó ń kan tábìlì, kò sì lè dá a dúró kó lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń gbọ́. Bí ọ̀gá ṣe ń ṣe nínú fídíò rẹ̀ gan-an nìyẹn. Pamela Hinds náà tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní 1999: ó ní kí àwọn èèyàn sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kan tó lè ṣe é. Àwọn ọ̀gá ló ṣì í ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tó wọn lọ. Ó tún wá oríṣiríṣi ọ̀nà láti ran àwọn ọ̀gá náà lọ́wọ́, pàbó ló já sí.

Fírídọ̀mù ni àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀: ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ṣe fírídọ̀mù kì í gba ọmọ iṣẹ́. Òótọ́ ni, kì í gbà á. Àmọ́ ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó bá wù yín, kí ẹ wo ẹni tó ń kọ́ ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe ń fi òwú sí ẹ̀rọ. Ọ̀gá ń gé aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ dé ló ń kọ́ ọ, ó sì mọ ibi tí òwú ti máa ń já, torí ó ti já mọ́ òun náà lọ́wọ́ rí.

Ẹ tún wo Íńdíà. Ní yunifásítì IIT Bombay, Kannan Moudgalya àti àwọn èèyàn rẹ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Spoken Tutorial. Sọ́fítíwíà open-source, èyí tí ẹnikẹ́ni lè lò tàbí tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn: LibreOffice, Scilab, LaTeX, Python àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fídíò kọ̀ọ̀kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ, wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ èdè Íńdíà sọ̀rọ̀ sórí ojú kọ̀ǹpútà kan náà. Wọ́n máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fídíò sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ohùn, ẹni tí kò mọ sọ́fítíwíà náà sì wà lára àwọn tó ń yẹ ìwé yẹn wò. Ibi tí kò bá ti yé e, wọ́n á tún un kọ.

Wọ́n á ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ó lè ṣẹlẹ̀, mo gbà. Kí ọ̀gá bá a ka ohun tó kọ kó tó gbà á sílẹ̀, ó parí. Kò sí ìdí tí ọ̀gá fi gbọ́dọ̀ gba máòsì lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á tún ní ẹ̀rọ olówó ńlá lèèyàn fi ń ṣe fídíò; n kò ní pẹ́ níbẹ̀. OBS Studio, sọ́fítíwíà tó ń gba ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux. Ẹ fi ìwọ̀n àwòrán sí 1280x720, ẹ fi fírémù 15 sí ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ máa gbé e. Ojú kọ̀ǹpútà kì í yí padà lemọ́lemọ́ bíi bọ́ọ̀lù, nítorí náà fáìlì kì í tóbi, kì í sì í jẹ dátà púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó.

Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa nìyí. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe fídíò á kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì tuntun lórí kọ̀ǹpútà, kí sọ́fítíwíà lè yọ sí i bó ṣe ń yọ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, pẹ̀lú gbogbo àpótí àti ìbéèrè rẹ̀. Á sọ ojú máòsì di ńlá. Inú mẹ́nù ni á ti máa tẹ nǹkan, á máa dárúkọ ohun tó ń tẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá di dandan kó lo kíbọ́ọ̀dù, á sọ ọ́ síta. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó wá ẹni tí kò mọ nǹkan kan níbẹ̀, bóyá ìyá ẹnì kan tàbí ẹni tó ń ta káàdì lójú títì, kó jókòó máa tẹ̀ lé fídíò náà. Ẹni tó ṣe fídíò á jókòó tì í, kò sì gbọdọ̀ ṣí ẹnu. Ibi tí máòsì bá ti dúró, tí onítọ̀hún ń wo òkè wo ilẹ̀, ibẹ̀ la ó tún gbà sílẹ̀.

Calc, apá LibreOffice tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ló kàn báyìí, bí wọ́n ṣe ń fi SUM ro owó àjọ pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ti fẹ́ parí. Ọ̀gá tó bá mọ Calc dáadáa, tó sì lè fara balẹ̀ ka ìwé tí ọmọdé kọ, kó yà sọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta.