Ìdí Tí Babaláwo Fi Ń Dífá Ọrọọrún

Àwọn àgbà ní, "Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Apá àkọ́kọ́ òwe yìí kì í ni ẹnikẹ́ni lára. Sọ ọ́ létí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí, á mi orí, á ní òótọ́ ni, ayé ń yí. Apá kejì ni iṣẹ́ wà. Babaláwo kì í dúró kí wàhálà dé kó tó gbé ọpọ́n kalẹ̀. Ó ti dá ọjọ́ sí i. Ara ìbáà dẹ̀ ẹ́, ìbáà má dẹ̀ ẹ́, bí ọjọ́ bá ti pé, á bèèrè.

Ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ìgbà tí èrè bá já wálẹ̀ ló ń bèèrè ohun tí ọjà ń wí, ó ti pẹ́ jù. Ìmọ̀-ẹ̀rọ tuntun kì í jọ ewu nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 1975, ẹnjiníà kan, Steve Sasson, ní Kodak, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta fíìmù kámẹ́rà, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, dúdú àti funfun nìkan ló ń yà, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì ń gbà á kó tó kó ẹyọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ta ló máa pa fíìmù tì nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé Kodak ò rí ọ̀la. Ó rí i. Inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó fi máa di 2005, òun ló ń ta kámẹ́rà tí kò lo fíìmù jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó ti ra Ofoto lọ́dún 2001 pàápàá, ibi tí àwọn ènìyàn ń kó fótò wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí àwọn ènìyàn lè wá tẹ fótò sórí bébà ló ṣe fẹ́ ẹ. Fíìmù, bébà àti kẹ́míkà ni owó ńlá ti ń wọlé, nítorí náà ohun tuntun gbọ́dọ̀ sin ti àtijọ́. Ní oṣù kìíní 2012, Kodak lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Facebook gbà láti san dọ́là bílíọ̀nù kan fún Instagram, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi fótò han ara wọn lórí fóònù, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó ogún.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìbéèrè nìkan ò tó. Bí a bá dífá tán, ẹbọ ló kù, rírú rẹ̀ ló sì ń gbe ni. Ẹbọ tí ọjà máa ń yàn fún ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí kò wúlò fún un mọ́. Èrè tó ṣì ń dùn lẹ́nu ni.

Ẹ wo Fujifilm ní Japan, tó ń ta ohun tí Kodak ń tà. Nǹkan bí ọdún 2000 ni títa fíìmù ga dé góńgó, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Shigetaka Komori di ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún yẹn. Wọ́n jókòó, wọ́n bi ara wọn pé, yàtọ̀ sí fíìmù, kí ni a mọ̀ ọ́n ṣe? Ìdáhùn pọ̀. Wọ́n mọ kẹ́míkà. Wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe fíìmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sì náwó sí èyí tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ. Wọ́n mọ èròjà tí wọ́n ń pè ní collagen, tó wà nínú fíìmù àti nínú awọ ara ènìyàn. Wọ́n mọ ohun tó ń mú kí fótò ṣá, irú rẹ̀ ló sì ń mú kí awọ ara gbó. Lọ́dún 2007 wọ́n gbé ìpara Astalift jáde. Wọ́n ti yọ "Photo" kúrò nínú orúkọ wọn ní ọdún tó ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ tí fótò sọ di ńlá! Ẹbọ nìyẹn. Síbẹ̀ wọn ò sọ fíìmù nù. Instax wọn, kámẹ́rà tó ń tẹ fótò jáde lójú ẹsẹ̀, ń tà títí di òní.

Ìbéèrè tí Intel, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe èròjà inú kọ̀ǹpútà, bi ara rẹ̀ ní 1985 náà dára púpọ̀. Àwọn ará Japan ti gba ọjà mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà mọ́ wọn lọ́wọ́. Andy Grove, ààrẹ Intel, bi Gordon Moore, ọ̀gá àgbà rẹ̀, pé, bí wọ́n bá lé wa, tí wọ́n gbé ọ̀gá tuntun wá, kí ló máa ṣe? Moore ní yóò fi mẹ́mọ́rì sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló wá fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ta ló ń jókòó síbi ìbéèrè tún ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọ̀gá nìkan, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ pe ẹni tó ń gbé fóònù oníbàárà, ẹ pe ẹni tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń kúrò. Ẹ má sì fi iṣẹ́ tuntun sábẹ́ ẹni tó jẹ́ pé orí iṣẹ́ àtijọ́ ni ẹ̀bùn òpin ọdún rẹ̀ wà. Á pa iṣẹ́ tuntun náà, kì í ṣe pé ènìyàn burúkú ni.

Àmọ́ a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Netflix, ilé-iṣẹ́ tó ń fi DVD sinimá ránṣẹ́ sílé oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi sinimá ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2007, ọ̀nà tó tọ́ ni. Ní 2011 ó fowó kún iye tí oníbàárà ń san, ó tún fẹ́ sọ DVD di ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Nínú oṣù mẹ́ta, nǹkan bí oníbàárà 800,000 lọ ní Amẹ́ríkà. Ó jáwọ́ nínú pípín náà, DVD sì ń bá iṣẹ́ lọ títí di oṣù kẹsàn-án 2023. Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé bí ènìyàn, ti jáde ní ìparí 2022, mo ń rí ilé-iṣẹ́ tó ń kéde pé ẹ̀rọ máa ṣe gbogbo iṣẹ́, kí wọ́n tó wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣe ẹyọ kan dáadáa.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti òṣìṣẹ́. Fujifilm tí a ń yìn yìí náà dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúró. Bí ọ̀gá bá ti mọ̀ pé iṣẹ́ kan ń kú lọ, kó sọ fún àwọn tó ń ṣe é nígbà tí owó ṣì wà láti fi kọ́ wọn ní òmíràn, kó tó di pé inú ìròyìn ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.