Kì í ṣe ohun tí wọ́n gé kúrò ló ba fíìmù náà jẹ́

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sọ ìwé ìtàn onídán gígùn kan di fíìmù, ohun kan náà ni àwa tá a ti ka ìwé ọ̀hún máa ń sọ: "Wọ́n ti gé e jù. Ká ní wọ́n fún un ní wákàtí púpọ̀ sí i ni, ì bá dáa." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wo apá kìíní The Lord of the Rings, ìtàn Frodo tó ní láti gbé òrùka burúkú kan lọ pa run, ìwé kékeré kan wà lórí itan mi, mo ń kọ gbogbo ohun tí mi ò rí sínú rẹ̀. Tom Bombadil, ọkùnrin àràmàǹdà inú igbó, ò sí. Glorfindel tó fún Frodo ní ẹṣin rẹ̀ nínú ìwé ò sí. Arwen ló wá gbé Frodo sá lọ lórí ẹṣin. Ọdún 17 tó kọjá nínú ìwé kí Gandalf oṣó tó padà wá sọ ohun tí òrùka náà jẹ́, wọ́n ti fò ó. Kí fíìmù náà tó parí, ojú ewé méjì ti kún. Àmọ́ nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, omijé ló wà lójú mi. Mo wo àkọsílẹ̀ ọwọ́ mi, mo wo ara mi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu.

Látìgbà náà ni mo ti ń fara balẹ̀ wò ó, ibi tí mo sì já sí ni pé èrò tá a jọ ń tẹnu mọ́ yìí kò tọ̀nà. Kì í ṣe iye ohun tí wọ́n gé ló ń ba irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jẹ́, wákàtí púpọ̀ kò sì lè tún un ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó gbé iṣẹ́ méjì tí Peter Jackson darí, The Lord of the Rings àti The Hobbit, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tolkien ló kọ ìwé méjèèjì, ilẹ̀ New Zealand ni wọ́n ti ya fíìmù méjèèjì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ti àkọ́kọ́ ló sì padà wá ṣe èkejì. The Lord of the Rings, tó jáde ní ọdún 1954 sí 1955, lé ní ojú ewé 1,000. Àròpọ̀ ìṣẹ́jú fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe jáde ní sinimá láti 2001 sí 2003 jẹ́ 558. The Hobbit, ti ọdún 1937, jẹ́ ìwé àwọn ọmọdé, nǹkan bí ojú ewé 300. Téèyàn bá ka iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí ìdá kan nínú márùn-ún ti ìwé ńlá yẹn ló jẹ́. Òun náà gba fíìmù mẹ́ta, láti 2012 sí 2014, ìṣẹ́jú 474. Ìyẹn ni pé àkókò tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kékeré yìí rí gbà lé ní ìlọ́po mẹ́rin ti ìwé ńlá. Bó bá jẹ́ pé àìtó àkókò ni àrùn tó ń ṣe àwọn fíìmù wọ̀nyí, The Hobbit ló yẹ kí ara rẹ̀ le jù lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣètò. Oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n kéde pé yóò di mẹ́ta. Àyè wá pọ̀ ju ìtàn lọ, wọ́n sì ní láti wá nǹkan fi dí i. Tauriel, jagunjagun obìnrin tí ọ̀kan nínú àwọn aràrá kó sí ìfẹ́ rẹ̀, kò sí nínú ìwé Tolkien kankan. Legolas, tafàtafà inú The Lord of the Rings, ò sí nínú ìwé The Hobbit. Azog, ọ̀tá tó ń lé Bilbo, ẹni tí ìtàn dá lé lórí, àtàwọn aràrá kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú ìwé, ó ti kú tipẹ́ kí Bilbo tó jáde nílé. Ogun ìkẹyìn wá ńkọ́? Nínú ìwé, òkúta bà Bilbo lórí, ó dákú, ìgbà tí ogun ti tán ló tó jí, wọ́n wá ròyìn èyí tó kù fún un. Nínú fíìmù, ogun yẹn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú apá kẹta. Mo wò ó tán, àárẹ̀ ló mú mi, ẹkún ò sì wá. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà, lójú tèmi, ni pé a gbàgbé ẹni tó ni àkókò. Ẹni tó ń kàwé ló ni àkókò tirẹ̀: ó lè pa ìwé dé, ó lè ṣí ojú ewé padà lọ wo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan tó ti gbàgbé, ó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ka orí kan ṣoṣo. Ẹni tó ń wo fíìmù ò ní àǹfààní yẹn. Bí fíìmù bá ṣe ń sáré ló ṣe máa tẹ̀lé e, bó bá ń wọ́ náà, wọn á jọ máa wọ́ lọ ni.

Ẹ wo orí tó sọ nípa ìgbìmọ̀ tí Elrond pè lórí òrùka náà, ọ̀kan nínú àwọn orí tó gùn jù nínú The Lord of the Rings. Àwọn èèyàn jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Elrond ń sọ ìtàn òrùka láti ayé àtijọ́, Gandalf ń sọ bí Saruman, oṣó ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dalẹ̀, ṣe há òun mọ́ orí ilé gogoro, Boromir jagunjagun ń rọ́ àlá tó gbé e wá. Mo fẹ́ràn orí yẹn débi pé mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti kà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yà á gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, ó máa lé ní wákàtí kan tí àwọn èèyàn á fi jókòó máa ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Ohun tí Jackson, Fran Walsh àti Philippa Boyens ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ eré náà ni pé wọ́n tú orí yẹn palẹ̀. Ìtàn àtijọ́ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù gan-an, níbi tí ohùn Galadriel, obìnrin alágbára kan nínú ìtàn náà, ti ń dún nínú òkùnkùn ká tó rí ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbèkùn Gandalf di ohun tí à ń fi ojú ara wa rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé ìgbìmọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀: ta ni yóò gbé òrùka náà lọ? Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣe pàtàkì ní orí yẹn ló wà nínú fíìmù, àmọ́ ẹni tó bá ń fi ojú ewé wé ojú ewé á búra pé wọ́n ti gé e dànù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe apá kejì. Nínú ìwé, Tolkien kọ orí 11 nípa Aragorn, ẹni tí ipò ọba tọ́ sí, àtàwọn tó kù láìdárúkọ ibi tí Frodo dé, ó wá padà sẹ́yìn, ó kọ orí 10 nípa Frodo àti Sam ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Ó dùn láti kà, torí pé àìmọ̀ yẹn ń dun òǹkàwé lọ́kàn. Fíìmù tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á fi ẹni tí ìtàn dá lé lórí pa mọ́ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Wọ́n hun ọ̀nà méjèèjì pọ̀ bí ẹni dirun.

Ikú Boromir ló pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn. Ẹ lọ gbé ìwé wò, ìjà yẹn kò sí níbẹ̀. Aragorn gbọ́ ìró ìwo Boromir lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré, kó tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́: Boromir ti fẹ̀yìn ti igi, ọfà ti gún un káàkiri, ìwo rẹ̀ ti là sí méjì. Ó jẹ́wọ́ pé òun gbìyànjú láti gba òrùka lọ́wọ́ Frodo, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ó kú. Ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì nìyẹn wà. Fíìmù gbé e wá sí òpin apá kìíní, ó sì jẹ́ ká rí gbogbo rẹ̀. Ọfà àkọ́kọ́ wọ̀ ọ́ láyà, ó tún ń jà. Èkejì wọlé, ó kúnlẹ̀, ó wo Merry àti Pippin, àwọn ọ̀rẹ́ Frodo, mímí rẹ̀ ń há, ó tún dìde. Nígbà tí Aragorn dé, Boromir pè é ní ọba òun kí ẹ̀mí tó bọ́. Kò pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Síbẹ̀, ọkùnrin inú ìwé gan-an lèyí: ó ṣẹ̀, ó mọ̀ pé òun ṣẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án. Wọ́n yí ibi tó wà padà, wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, wọn ò yí èèyàn náà padà.

Ní ti Tom Bombadil tí ẹnu wa kì í kúrò lára rẹ̀, fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gbogbo agbára rẹ̀ jẹ́ ká bẹ̀rù òrùka náà ni. Bombadil á wá fi í sọ́wọ́, kò ní pòórá bí àwọn mìíràn ṣe máa ń pòórá, á rẹ́rìn-ín, á dá a padà. Nínú ìwé, ìyẹn ń jẹ́ ká mọ̀ pé ayé yẹn gbòòrò ju ogun tó ń bọ̀ lọ. Nínú fíìmù, á sọ òrùka di yẹpẹrẹ kó tó rìn jìnnà. Èyí tó ṣì ń dùn mí títí dòní ni ti ìparí, níbi tí Frodo, Sam, Merry àti Pippin ti padà délé tí wọ́n bá a ní bíbàjẹ́, tí wọ́n sì ní láti jà fún un. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́. Àdánù ni síbẹ̀, mi ò ní purọ́.

Harry Potter náà jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Ìwé méje ni, fíìmù mẹ́jọ, láti 2001 sí 2011. Èyí tó gùn jù nínú àwọn fíìmù náà ni èkejì, ìṣẹ́jú 161, bẹ́ẹ̀ ìwé kejì wà lára àwọn tó kéré jù. Fíìmù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má fo nǹkan kan, ó sì ń wọ́ lójú mi. Nínú ẹ̀kẹta, tí Alfonso Cuarón darí ní 2004, igi tó máa ń lu èèyàn yẹn gbọn ara, gbogbo ewé rẹ̀ wọ́ sílẹ̀; nígbà tó yá, ó tún gbọn yìnyín dànù. Ìṣẹ́jú àáyá péréte ni, a sì mọ̀ pé oṣù ti kọjá. Ojú ewé mélòó ni ìwé máa ń fi sọ ìyẹn? Fíìmù kan náà yìí kò wá sọ fún wa àwọn tó ya àwòrán ilẹ̀ tí Harry ń lò, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn méjì péré ni ì bá gbà. Àìtó àkókò kọ́ nìyẹn.

Mi ò sọ pé gígé ò lè pa ìtàn o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. The Dark Tower gba Stephen King ní ìwé mẹ́jọ. Fíìmù tó jáde ní 2017 jẹ́ ìṣẹ́jú 95, kò sì sí ọgbọ́n tó lè mú ìyẹn ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ wo The Golden Compass ti 2007. Ní òpin ìwé Philip Pullman, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lyra rìn ìrìn àjò burúkú láti mú ìrànlọ́wọ́ lọ bá bàbá rẹ̀, kò mọ̀ pé ọmọdé ni bàbá náà ń wá láti fi la ọ̀nà sí ayé mìíràn, Roger ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì mú. Ọmọ náà kú. Orí ìyẹn ni gbogbo ìtàn tó ṣẹ́ kù dúró lé. Fíìmù parí nígbà tí wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà, tí inú wọn ń dùn, tí ìrètí wà. Wọ́n ti ya òpin yẹn tán kí wọ́n tó yọ ọ́. Àkókò wà, owó ti jáde, àwọn òṣèré ti ṣe é. Ìgboyà ni kò sí. Wákàtí mẹ́wàá sí i kò ní tún irú ìyẹn ṣe.

Àwọn kan á ní tẹlifíṣọ̀n ni ojútùú rẹ̀. The Wheel of Time, ìwé 14, bẹ̀rẹ̀ ní orí tẹlifíṣọ̀n ní 2021. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fún ìwé àkọ́kọ́, síbẹ̀ wọ́n ráyè fún Perrin, ọ̀kan nínú àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí, ní ìyàwó tí kò ní nínú ìwé, wọ́n sì jẹ́ kó ṣèèṣì pa á ní apá kìíní. Ọdún 2025 ni wọ́n dá a dúró lẹ́yìn sáà mẹ́ta.

Ní báyìí, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO ti ń ṣe Harry Potter fún tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní yóò tẹ̀lé ìwé tímọ́tímọ́, inú ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń dùn pé gbogbo nǹkan á wọlé wàyí. Inú tèmi náà dùn. Ohun kan ni mo ń retí. Nínú ìwé karùn-ún, lásìkò Kérésìmesì, Harry àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣèèṣì já sí yàrá ilé ìwòsàn tí àwọn òbí Neville, ọmọ kíláàsì wọn, wà. Ìdálóró ti ba ọpọlọ àwọn méjèèjì jẹ́ láti ìgbà tí ọmọ wọn ti wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ rọra rìn wá, kò sọ̀rọ̀, ó nawọ́, ó fi bébà tí wọ́n fi ń wé ṣingọ́ọ̀mù sí i lọ́wọ́. Neville dúpẹ́. Ìyá àgbà Neville ní kó jù ú sí garawa ìdọ̀tí, pé èyí tí ìyá rẹ̀ ti fún un á ti tó lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri yàrá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Harry rí i bíi pé Neville dọ́gbọ́n ki bébà náà bọ àpò.

Kò sí nínú fíìmù 2007. Ìṣẹ́jú 138 ni fíìmù yẹn ní. Ìran yìí kò lè gbà ju mẹ́ta lọ. Nígbà tí eré tuntun náà bá dé ìwé karùn-ún, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.