Òdo tí wọ́n fún ìyá mi

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti àná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi lápá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lánàá, ọmọbìnrin físíò tó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tún máa lo ara wọn mú fọ́ọ̀mù Barthel jáde, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí aláìsàn lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní 1965. 100 ni gbogbo máàkì ibẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló ń wẹ̀ fún yín?" Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣeé nà, wọn kò sì ní fi òsì nawọ́ sí èèyàn láéláé, ni wọ́n bá fi ẹnu júwe mi. "Ọmọ mi ni." Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ó kọ òdo síbẹ̀. Ẹni tó bá dá wẹ̀ gba 5. Ẹni tí wọ́n bá wẹ̀ fún gba òdo.

Òdo kẹ̀! Nílẹ̀ tí a ti ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu? Láràárọ̀ ni mo ń po omi gbígbóná mọ́ tútù, tí mo ń fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn wọn. Ìdí omi yẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti já gaara lẹ́nu wọn lẹ́yìn àìsàn yìí: "Àdùkẹ́." Oríkì mi. Ojú ibo ni wọ́n kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù?

Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíò nílẹ̀ wa níbí, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù òkèèrè yìí ni wọ́n fi wo ìyá mi. Àwọn Zulu ní umuntu ngumuntu ngabantu, èèyàn ló ń sọni di èèyàn. Àwa náà ní èèyàn laṣọ wa. Kí ló dé tó jẹ́ pé dídá-ṣe nìkan là ń pè ní ìwòsàn? Àwọn kan á ní, ẹni tọ́mọ rẹ̀ wà lókè òkun ńkọ́? Ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀ ná.

Lálẹ́, mo sọ fún ìyá mi pé màá bá ọmọ yẹn jà lórí òdo tó kọ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Àdùkẹ́, má bá a jà. Bá mi bẹ̀ ẹ́, kó kọ́ mi bí mo ṣe lè fi ọwọ́ kan wẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan ni kí o máa bá mi fọ̀."

Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wẹ̀ fún wọn. Mi ò béèrè rí.