Èrò ọkàn mi: Ta ló di kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀gá mú?

Bí olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan bá ti fìbínú sọ̀rọ̀ sórí Facebook tàbí TikTok, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo ayé máa ń gbà á: kó panu mọ́. Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń rọ omi ọ̀pẹ̀yìnbó sínú ìgò l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níhìn-ín, tàbí tó ń di gàrí sínú ọ̀rá ní Kétu, kò lówó ìpolówó tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu rẹ̀ ló fi ta ọjà náà dé ibi tó dé, bó bá sì panu mọ́, ta ni yóò bá a tà á? Ohun tí mo rí pé ó ń dà wọ́n láàmú ni pé kò sí ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ náà tó lè sọ pé "Ọ̀gá, ẹ dúró ná," kí ọ̀gá sì dúró lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ líle ò burú bákan náà. Èyí tó ń pa ọjà jù ni èyí tó bá kan ẹni tó ń ra ọjà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1991, Gerald Ratner, ọ̀gá àwọn ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀ṣọ́ Ratners ní Ìlú Ọba, dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ ní Royal Albert Hall. Ó ní àwọn èèyàn ń béèrè bí òun ṣe ń ta ìgò ọtí onídígí, ife mẹ́fà àti àwo rẹ̀ ní £4.95. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí gbáà ni. Ó tún fi yẹtí kan ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò wọ́n tó búrẹ́dì tí wọ́n fi edé sí, pé ó ṣeé ṣe kí búrẹ́dì náà pẹ́ jù ú lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nǹkan bí £500 mílíọ̀nù ló fò lọ lára iye tí ilé-iṣẹ́ náà tó, ọkùnrin náà kúrò níbẹ̀ ní 1992, nígbà tó sì di 1993 wọ́n yí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà sí Signet.

Ẹ wò ó dáadáa: yẹtí yẹn ò yí padà, owó rẹ̀ ò yí padà, Ratner ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀bùn ni. Ọkọ ló rà á fún ìyàwó, ọmọ ló rà á fún ìyá. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbé àpótí Ratners wálé ti di ẹni tó gbé ìdọ̀tí wá fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ìtìjú ló lé wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Chip Wilson tó dá Lululemon, ilé-iṣẹ́ aṣọ eré ìdárayá, sílẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn já sí ibì kan náà. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kó ṣòkòtò obìnrin kan kúrò lórí àtẹ torí pé ara ń hàn láti inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Bloomberg nínú oṣù Kọkànlá, ó ní ara àwọn obìnrin kan ni kò bá ṣòkòtò náà mu. Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà bá he yanrìn nínú gàrí, tí ìyá oní-gàrí wá ní eyín rẹ̀ ni kò lágbára. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti kéde pé yóò fi ipò alága sílẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Erisco, ilé-iṣẹ́ tòmátì ní Nàìjíríà. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2023, obìnrin kan kọ ọ́ sórí Facebook pé tòmátì wọn ti dùn jù, pé ṣúgà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó parí sí "ẹ ṣeun, a ó yẹ̀ ẹ́ wò" di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n mú obìnrin náà. Ariwo bẹ̀rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á mọ́, àwọn tí kò mọ orúkọ tòmátì náà rí sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ burúkú. (Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í dúró fi káàdì hàn ní ẹnubodè Ìgòlò kó tó wọlé sọ́dọ̀ wa.) Àwọn ọ̀gá kan níhìn-ín náà yóò fẹ́ sá tọ Code du numérique lọ, òfin Benin lórí ọ̀rọ̀ ayélujára tó jáde ní oṣù Kẹrin 2018. Òfin wà fún ẹni tó bá pa irọ́ mọ́ ọ. Ẹni tó tọ́ ọjà rẹ wò tó ní ó dùn jù, ahọ́n rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ló sì fi rà á.

Ti ìjọba yàtọ̀, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Jack Ma, olówó ilẹ̀ Ṣáínà tó dá Alibaba sílẹ̀, sọ̀rọ̀ ní Shanghai ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 2020, ó fi báńkì orílẹ̀-èdè rẹ̀ wé ilé tí wọ́n ti ń fi nǹkan dógò yáwó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá wọ́n dá títa ìpín Ant Group, ilé-iṣẹ́ ìṣúná rẹ̀, dúró, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n tà á. Oníbàárà ò ṣe ohunkóhun níbẹ̀, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ni ọ̀rọ̀ náà dùn.

Ó wá ku kọ́kọ́rọ́ ẹnu tí mo ń wí, ìyẹn ẹni tó lè dá ọ̀gá dúró. Elon Musk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná Tesla, ló jẹ́ ká rí bó ṣe ń bàjẹ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2018 ó kọ ọ́ sórí Twitter pé òun ń ro ó láti kó Tesla kúrò ní ọjà ìpín ní $420 fún ìpín kọ̀ọ̀kan, pé owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, pè é lẹ́jọ́. Ó parí sí $20 mílíọ̀nù lọ́rùn rẹ̀, $20 mílíọ̀nù lọ́rùn Tesla, ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga alága, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn máa ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó jáde. Nínú oṣù Kejì 2019, ó tún kọ iye ọkọ̀ tí Tesla yóò ṣe, nǹkan bí 500,000, kò fi han ẹnikẹ́ni. Àdéhùn àkọ́kọ́ ní kó máa fi ọ̀rọ̀ "tó ṣe pàtàkì" hàn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń pinnu èyí tó ṣe pàtàkì. Nínú oṣù Kẹrin wọ́n tún un kọ, wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni kí oníṣòwò wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú tákàdá kan, ẹ kọ ohun tí ọ̀gá kò gbọdọ̀ dá gbé jáde: owó ọjà, gbèsè, orúkọ ẹni tó ń bá a du ọjà, ẹ̀dùn oníbàárà, òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé, ìdìbò, ẹ̀sìn, ẹ̀yà. L'Ájàṣẹ́ tí Gun àti Yorùbá ń gbé agbolé kan náà, ti ìkẹyìn yẹn kì í ṣe eré.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ojú ewé ilé-iṣẹ́ kúrò lórí fóònù ọ̀gá pátápátá. Kí èèyàn méjì mìíràn ní àṣẹ kíkún lórí rẹ̀, kí ọ̀gá máa fi ọ̀rọ̀ tàbí fídíò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí èyí tó bá kọ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ọmọṣẹ́ tàbí àbúrò ni wọ́n ń fi ṣe é. Ọmọṣẹ́ wo ló fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé òun ò ní gbé e jáde? Ẹni tí ọ̀gá ń dọ̀bálẹ̀ fún ni kẹ́ ẹ wá, ẹ̀gbọ́n tàbí alábàáṣe tí kì í gbowó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Direct", fídíò tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ lórí ayélujára, ò ṣeé dá dúró di àárọ̀. Ìbínú sì máa ń gba inú kọ́mẹ́ǹtì wọlé, nítorí náà kí ọ̀gá má ka kọ́mẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Kí ẹnì kan jókòó tì í, kó máa yan ìbéèrè, kó sì pa fídíò náà bó bá ti pé ogún ìṣẹ́jú.

Tí ẹ bá jẹ́ SARL, ilé-iṣẹ́ tí àwọn onípìn-ín jọ ni, ẹ rántí pé lábẹ́ òfin OHADA, òfin ìṣòwò tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan jọ ń lò, àwọn tí ìpín wọn bá ju ìdajì lọ ló lè yọ gérant, ẹni tó ń darí rẹ̀. Ọ̀gá tó ní ìpín 60 nínú 100, àwọn yòókù ò lè yọ ọ́, àfi kí wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ pẹ̀lú ìdí tó múná. Ẹ kọ òfin lórí ohun tí ọ̀gá lè sọ sínú pacte d'associés, àdéhùn àárín àwọn onípìn-ín, nígbà tí inú gbogbo yín ṣì dùn. Orúkọ ọjà, ilé-iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi í sí lórúkọ ní OAPI, àjọ tó ń forúkọ ọjà sílẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni kó tó di pé ẹ tún un ṣe. Fọ́tò ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà alálẹ̀mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá fúnra rẹ̀: ilé ìtẹ̀wé kì í tẹ ọ̀rá díẹ̀, bí wàhálà bá dé, ojú yẹn ni ẹ ó máa tà títí ọ̀rá yóò fi tán. Papa John's, ilé-iṣẹ́ píṣà ní Amẹ́ríkà, tó fi John Schnatter tó dá a sílẹ̀ ṣe ojú ọjà, ní láti kó àwòrán rẹ̀ kúrò lára ìpolówó ní 2018, lẹ́yìn tó jáde pé ó fẹnu ba ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń bú èèyàn dúdú.

Bó bá sì ti já bọ́ ńkọ́? Ẹ má rọra pa á rẹ́, wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ìyá tó ń bá yín tà á ní ọjà Ouando l'Ájàṣẹ́ àti ní ọjà Kétu kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà, torí àwọn ni wọn yóò bi léèrè, àwọn náà sì ni owó yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó sọ̀rọ̀ náà fẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì ní ìṣẹ́jú kan: ohun tí mo sọ, ẹni tí mo sọ ọ́ sí, ohun tí n ó ṣe. "Bó bá dun ẹnikẹ́ni" kò sí níbẹ̀. Kí ó sì jẹ́ ní èdè tó fi bú wọn. Ẹni tó fi èdè Gun bú èèyàn, tó wá fi Faransé kọ communiqué, ìwé ìkéde, kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni.