Owó ẹnu-ọ̀nà yunifásítì ti pọ̀ jù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ń din àkàrà ní Kubwa l'Abuja mú fóònù ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Yunifásítì ìjọba kan ti gba ọmọ náà wọlé. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìwé ìgbàwọlé, wọ́n ní kó san owó acceptance láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àyè náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ tí ìyá ń dá ṣì ku oṣù méjì kó tó kàn án. Ó bi wá bóyá wọ́n á jẹ́ kóun san án díẹ̀díẹ̀. A ò rí èsì fún un.

Kí wá ni owó yìí wà fún? Kì í ṣe owó ìwé, kì í ṣe owó yàrá, kì í ṣe owó ìdánwò. Owó pé ọmọ gbà láti wá ni. Ọmọ tó ti san owó JAMB, tó tún san ti post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe!

Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tuntun tó gbé NELFUND ró, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé, nítorí náà Mùsùlùmí tó ń sá fún èlé lè gbà á láìfòyà. Owó ilé-ìwé ń lọ sọ́dọ̀ ilé-ìwé tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba 20,000 náírà lóṣù fún bùkátà. Inú wa dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó ń ti Nyanya lọ sí Gwagwalada lójoojúmọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo rẹ̀ wọkọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí NELFUND. Ẹni tí kò tíì san owó acceptance, ta ni yóò kà á mọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Ẹnu ọ̀nà ni tálákà dúró sí, inú ilé ni wọ́n ti ń pín oúnjẹ.

Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abuja ni a ń bá wí: ẹ fagi lé owó yìí ní gbogbo ilé-ìwé gíga ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá ní ilé-ìwé kò lè ṣe láìsí i, ẹ dà á pọ̀ mọ́ owó tí NELFUND ń san, kí ọmọ tó bá fẹ́ yáwó lè wọlé ná. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni gbèdéke ọmọ alákàrà pé.