Adójútòfò ilé kì í tún fíríìjì tó ti gbó ṣe

Wọ́n ń pín in kiri n'Íléṣà pé ẹni tó bá ti san owó adójútòfò ilé, ohun yòówù kó ṣe fíríìjì rẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò yóò tún un ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Iná ilé, olè tó fọ́lẹ̀kùn: jàǹbá nìyẹn, òun ni adójútòfò wà fún. Rọ́bà ilẹ̀kùn tó ti le, gáàsì tó ń jò díẹ̀díẹ̀, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń mú fíríìjì tutù) tó dákẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá: ogbó lèyí, wọ́n sì sábà máa ń yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá “wear and tear” (ìyẹn ogbó) nínú ìwé àdéhùn yín. Ti iná NEPA tó ṣàdédé ga, ẹ bi iléeṣẹ́ náà bóyá wọ́n ń sanwó rẹ̀, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀ fún yín.

Ẹ béèrè owó kọ̀ńpírẹ́sọ̀ àti owó iṣẹ́. Bó bá jẹ́ torí fíríìjì nìkan lẹ fẹ́ ṣe san adójútòfò, tí owó ọdún méjì sì ti tó àtúnṣe yẹn, ẹ fi owó yín pamọ́.