Ṣé etí nìkan la lè fi kọ́ Faransé?

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kútọnu ni mo ti ń ra ọjà, mo sì fẹ́ gbọ́ Faransé. Ẹnìkan ní kí n máa gbọ́ ẹ̀kọ́ ọ́díò Pimsleur lórí fóònù, pé n ò nílò ìwé kankan. Ṣé òótọ́ ni?

Àkànbí: Òótọ́ ni, àǹtí. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ò ju bí ìṣẹ́jú 30 lọ. Wọ́n á bi yín ní nǹkan, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dáhùn kí wọ́n tó sọ ọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ tuntun á tún yọjú lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5, lẹ́yìn 25, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn 10, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Paul Pimsleur fúnra rẹ̀ ló gbé ètò yẹn jáde lọ́dún 1967. Ọ̀rọ̀ ò ní ráyè sá mọ́ yín lórí.

Tíṣà Faransé: Àkànbí, ẹ rọra. "Parle", "parles", "parlent", tó jẹ́ "sọ̀rọ̀" tí wọ́n kọ lónírúurú: bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń dún létí. Ẹni tí kò fojú rí wọn rí, tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù fún un ní ẹnubodè Sèmè ńkọ́? Àwọn tí mo ń kọ́ fún DELF, ìdánwò ìwé-ẹ̀rí èdè Faransé, kíkà àti kíkọ ló ni 50 nínú 100 máàkì wọn.

Àkànbí: Ẹ má bínú, tíṣà, ṣé ìdánwò ni àǹtí fẹ́ ṣe ni? Ọjà ni wọ́n fẹ́ ná!

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́: Ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, ẹ máa rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Orí iye owó ni Faransé ti ń dààmú èèyàn. Kí oníṣòwò sọ "quatre-vingt-quinze mille" wàrà-wàrà, ẹ ò ní mọ̀ pé 95,000 ló pè é, ẹ ò sì ní lè ná an. Etí ló ń gbọ́ ìyẹn, kì í ṣe ìwé. Àmọ́ ohùn inú ọ́díò yẹn, ti ìlú Faransé ni, kò jọ bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí. Ẹ máa gbọ́ rédíò orílẹ̀-èdè Benin mọ́ ọn.

Tíṣà Faransé: Mo fara mọ́ ti rédíò yẹn gan-an. Síbẹ̀, ẹ kọ iye owó sílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ ṣáà kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ: Ẹ ṣé o. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń gbọ́ ọ, ojú wá ń tì mí láti dáhùn sókè.

Àkànbí: Háà, àǹtí! Tí ẹ ò bá lanu níbi tí wọ́n ti dákẹ́ dè yín, orin lásán lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Ẹ gbé e wọ ilé ìdáná, kí ẹ máa pariwo ẹ̀.